Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tó Kó Ṣọ́bìrì Wa Lọ

Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín: ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é, kí n sì kúnlẹ̀ bí mo bá pàdé rẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ fún un rí, mo kúnlẹ̀ dáadáa, aṣọ mi gba eruku. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ṣe ohun tó ṣe fún wa, mo ti gba "wọ́n" yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó" ni n óò máa pè é títí ọ̀rọ̀ yìí á fi parí. Ẹni tí ìyẹn ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ fi "wọ́n" tirẹ̀ kí i.

Abúlé wa ò jìnnà sí Adégbayì. Adégbayì ni mo háyà yàrá sí nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Sátidé kan kì í kọjá kí n má lọ sílé. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà lábúlé náà tó ti etí odò gòkè wá sí mọ́ṣáláṣí àti ọjà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó là á. Nígbà tí ọ̀gbàrá òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, táwọn tó yẹ kó wá tún un ṣe ń wí pé àwọn ń bọ̀, àwọn ń bọ̀, a kóra wa jọ, a ní ká tún un ṣe fúnra wa. Àwọn kan ń gbẹ́ kòtò kí omi lè rí ibi gbà, àwọn kan ń ru òkúta láti odò, wọ́n ń tò ó sétí ọ̀nà. Kò sẹ́ni tí ń sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ilé tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ nígbà kan rí la fi ṣe ibi tí irinṣẹ́ ń gbé. Ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀rọ náà ni gbogbo ayé ṣì ń pè é. Ọkọ́, àdá, ṣọ́bìrì, díígà, àti bárò méjì tí táyà wọn kì í gbé afẹ́fẹ́ dúró, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Iṣẹ́ tiwa, àwa díẹ̀ tí a kì í sọ̀kalẹ̀ lọ gbẹ́lẹ̀, ni ká máa tọ́jú wọn. À ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára wọn, à ń pọ́n èyí tí ẹnu rẹ̀ kú, à ń pààrọ̀ igi èyí tó ṣẹ́, a sì ń fi ọ́ìlì ẹńjìnnì tó ti dúdú pa wọ́n lára kí wọ́n má baà dógùn-ún. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Wọ́n á kọjá lójúde, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ìjókòó, èmi tí apá ń ro látàárọ̀ Sọ́ńdè títí mo fi tún padà wá. Ẹ gbé àdá tí ẹnu rẹ̀ kú lọ pagbó ná, kí ẹ tó wá kí mi kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, wà lára àwa tí ń jókòó yìí. Ní tiwọn o, "wọ́n" wọn wà níbẹ̀ digbí. Àìsàn kan ló mú wọn lójú, ó ń jí ìríran wọn gbé díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí wọ́n ní ká tan iná sí yàrá, tí iná sì wà ní títàn. Nínú ilé ẹ̀rọ, àwọn ló ń fi sáńpépà fá igi tuntun tí a bá fẹ́ fi sí ṣọ́bìrì tàbí ọkọ́. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀lé igi náà láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀gún wà níbí, wọ́n á tún fá a. Bí mo bá ní ó ti dán tó, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run fún mi lójú méjì, mi ò sì lo ọ̀kan, kí n yá àwọn ní ìkejì.

Ohun tó jẹ wọ́n lógún jù láyé ni kí wọ́n máa dá rìn. Nígbà tí ojú náà kọ́kọ́ lọ, gbogbo wa là ń sáré dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Wọ́n á já ọwọ́ wọn gbà. Wọ́n ní àìsàn ti gba ojú lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò ní í fi ẹsẹ̀ kún un fún un. Ilé wọn wà nísàlẹ̀, nítòsí odò, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n sì ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí, sọ́jà àti sí ilé ẹ̀rọ. Òkúta tí ẹgbẹ́ wa tò sétí ọ̀nà, tọ̀tún-tòsì, ọ̀pá wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n á máa fi ọ̀pá kàn án bí wọ́n ṣe ń gòkè, wọn kì í ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀nà kejì tó wà ni ọ̀nà tí típà tó ń kó yanrìn ń gbà, ẹni tó ríran gan-an ń fò sínú igbó níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ gbà. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Ọkùnrin tí mò ń wí yìí náà mọ̀.

A ní òfin kan nílé ẹ̀rọ. A kì í yá èèyàn nírinṣẹ́. Ṣọ́bìrì tá a yá ẹnì kan rí, orí rẹ̀ nìkan ló dá padà, igi rẹ̀ ti di igi ìdáná. Ibi kan ṣoṣo tí òfin yìí ti ń tẹ̀ ni bí èèyàn bá kú. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù lábúlé wa, òkú Mùsùlùmí kì í sì í dúró. Bí ọlọ́fọ̀ bá dé, a ò ní í bi í ní ìbéèrè kankan, òun náà ò sì ní í sọ ọ́ jáde pé lágbájá ló kú. Yóò ní nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé. Yóò ní ilé ò dára. Ìwọ tó ń gbọ́, o ti mọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, mi ò sì rò pé ó burú.

Láàárọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni ọkùnrin náà dé. Ọmọ abúlé wa ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́runṣògo ló kọ́lé sí, ó ń ṣòwò, Ọlọ́run sì ṣe é fún un. Bàbá rẹ̀ ló ṣì ń gbé nílé, ara wọn ò sì yá. Láti ìgbà ààwẹ̀ la ti ń bi ara wa pé ṣé bàbá yìí á lè la òjò já. Ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló délé wa o. A fẹ́ tètè gbẹ́lẹ̀ kí oòrùn tó mú."

Gbogbo wa dìde. Ta ni kò mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ní kùtùkùtù? Ibẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀ tí aṣọ mi gba eruku, mo ní ẹ kú ìrọ́jú. Alága ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún ẹni tó lọ. Ó sì ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmín yẹn, nítorí èmi ò gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde lọ síbi tí irinṣẹ́ wà. Wọ́n ní ká má fún un ní ti àtijọ́, pé igi tó lẹ́gùn-ún ò yẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń sunkún. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n fà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣọ́bìrì àti díígà, títí tí ògiri apá ibẹ̀ fi ṣófo. Ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí irinṣẹ́ ti lọ, kò sí bí àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ ṣe lè sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́nà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí á fi ọjọ́ yẹn bọ̀wọ̀ fún òkú, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Àwa tó kù bá àwọn àdá àti bárò fà á. Ọ̀sán pọ́n, a ò gbọ́ ìkéde kankan láti mọ́ṣáláṣí. Alága ní bóyá bátìrì ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ló ti kú, nítorí iná ò sí. Ẹlòmíì ní bóyá ẹbí nìkan ni wọ́n fẹ́ kó sin bàbá. Kò sẹ́ni tó rò ó débòmíì. Nígbà tí a kírun alásàrí tán, a fi ọṣẹ fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́, a ní ká lọ kí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣáájú, wọ́n mọ ọ̀nà ilé bàbá náà dáadáa. Bí wọ́n ṣe dé ojúde ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ẹ kú ìrọ́jú, èèyàn dáadáa ni bàbá, bàbá tó jẹ́ pé bí a bá lọ bá wọn lóko, a kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo, Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn ni mo kọ́kọ́ rí i. Bàbá náà jókòó sórí àga lójúde, wọ́n ń mu ògì. Alága ń fà mí láṣọ pé kí n dá ẹ̀gbọ́n mi dúró. Mo na ọwọ́ sí wọn, ọwọ́ mi ò tó wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá ìdárò lọ.

Bàbá gbé abọ́ ògì sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohùn náà. Wọ́n fi ọ̀pá wá ilẹ̀ ẹ̀yìn wọn, wọ́n sún padà sọ́dọ̀ wa.

Bàbá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá bi wá pé ṣé àwọn ni. Wọn ò fi ṣeré. Ìyàwó wọn sáré jáde láti ilé ìdáná, ó ń ké pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ta ló rán wa níṣẹ́ èpè. Ẹ bá mi rò ó: a wá ń bá àgbàlagbà dárò ara rẹ̀ lójú ara rẹ̀, ẹni tí ń dárò ò sì ríran. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu. Alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń ṣàlàyé pé ọmọ bàbá ló wá láàárọ̀ wá yá ṣọ́bìrì, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Bàbá náà mirí. Wọ́n ní àwọn ò mọ òkú kankan o, ìpìlẹ̀ ògiri ni ọmọ náà ń gbẹ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

A gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún ṣáájú. Wọ́n ń fi ọ̀pá kan òkúta, kó, kó, kó. Lójijì ọ̀pá náà bọ́ sí òfìfo. Wọ́n dúró. Kòtò gígùn kan ló gba àárín ọ̀nà wa kọjá, àwọn òkúta tí a tò sétí ọ̀nà ni wọ́n sì ti hú jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti fi ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn lébìrà wà nínú kòtò náà. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wá ẹnu kòtò náà, ọwọ́ wọn sì bà lé ṣọ́bìrì kan tí lébìrà gbé sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa igi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Wọ́n ní, "Tiwa nìyí."

Ọkùnrin náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń mu omi tútù. Mo lọ bá a, mo bi í pé òkú dà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé èèyàn kú? Mo ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni." Ó fi bàtà kan ilẹ̀ iwájú rẹ̀. "Ṣé ilẹ̀ kọ́ nìyí?"

Àwọn lébìrà bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló wá ṣe àmín sí nígbà tí alága gbàdúrà fún òkú. Ó ní àdúrà ni, ta ni kì í ṣe àmín sí àdúrà? Mo ní òun tó gun jíìpù wá, ṣé kò rówó ra ṣọ́bìrì ni? Ó ní kí n má bínú, ilé ìtajà ò tíì ṣí. Irọ́ ni. Mo ti jókòó ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa láti ìgbà yẹn, ẹ sì lè rò ó pẹ̀lú mi. Sátidé ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́nà yẹn. Bí ṣọ́bìrì bá wà lọ́wọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú wa ni yóò ti gbẹ́ kòtò. Ó kó irinṣẹ́ wa lọ kí a lè jókòó sílé, ó sì fi òkú tí kò sí dè wá lẹ́sẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ohun tó ṣe yẹn kọ́ ló bí mi nínú jù, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rín ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ọlọ́kadà tó fẹ́ yá ìṣáná lọ́wọ́ ẹnìkejì á ṣí fìlà, á ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ délé wa o. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọkùnrin náà gbọ́n, wọ́n ní orí rẹ̀ pé. Ṣé ọgbọ́n nìyẹn? Kéèyàn mú ìwà ọmọlúàbí táwọn ẹlòmíì ní, kó sọ ọ́ di okùn tó fi so wọ́n mọ́gi, ẹ wá ń pè é ní ọgbọ́n. A ò bi í léèrè nítorí pé ìyá wa kọ́ wa pé a kì í bi ọlọ́fọ̀ léèrè. Wọ́n wá sọ wá di ọ̀dẹ̀ nítorí pé a gbọ́ ti ìyá wa.

Ó dá irinṣẹ́ padà, ó rán lébìrà kó wọn wá. Sìmẹ́ńtì ti gan mọ́ wọn lára. Díígà kan ti tẹ̀, igi ṣọ́bìrì méjì ti ṣẹ́. Àwa náà la tún jókòó ti í. À ń fi òòlù gbá sìmẹ́ńtì náà wẹ́wẹ́, à ń fi omi rẹ ẹ́, à ń họ ọ́. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dí ọ̀nà wa ni à ń họ kúrò lára ṣọ́bìrì wa. Mo gbá òòlù yẹn tìbínú-tìbínú, mo fi gbá ìka ara mi. Alága ní kí n ṣe sùúrù, sùúrù ni baba ìwà. Mo ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni sìmẹ́ńtì. Ọlọ́kadà ló ń gbé ẹ̀gbọ́n mi wá láti ìgbà náà, wọ́n á jókòó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Bí a ṣe ń bá sìmẹ́ńtì yẹn jà lọ́wọ́ ni ọkùnrin àgbẹ̀ kan láti abúlé kejì dé. Ó ní nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé, òun fẹ́ yá ṣọ́bìrì. Alága wa, alága tó ń wàásù sùúrù, gbójú sókè, wọ́n ní, "Ta ló kú?" Ọkùnrin náà wò wá bíi pé a gbá a létí. Ó ní ọmọ òun ni, èyí tó tẹ̀lé àkọ́bí. Ojú tì wá, a fún un ní gbogbo ohun tó bá fẹ́, a tún tẹ̀lé e lọ gbẹ́lẹ̀ fúnra wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti jáde lẹ́nu, kò sì sí bí a ṣe lè gbé e mì padà. Èmi ò ní í dárí èyí ji ọkùnrin onígbá ọgbọ́n yẹn. Ó lè gba ilẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ìwà ọmọlúàbí wa ṣe?

Ìgbà tí Baálẹ̀ tí a fẹjọ́ sùn á fi ráyè pè wá, ògiri náà ti ga ju orí èèyàn lọ. Ilé Baálẹ̀ kún. Ọkùnrin náà kó ìwé ilẹ̀ rẹ̀ jáde, ìwé náà sì pé, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Mo ní ọ̀nà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ta ilẹ̀ náà. Baálẹ̀ ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ṣé ọ̀nà ní ìwé? Mo ní bàbá Baálẹ̀ fúnra wọn gba ibẹ̀ lọ sóko. Àwọn àgbà ní kí n rọra o, kí n má fi ẹnu gún àgbà lójú. Ẹnu mi ni wọ́n rí, wọn ò rí ògiri.

Ọkùnrin náà wá dìde, ohùn rẹ̀ ti tún lọ sílẹ̀ bíi ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun kì í ṣe ìkà èèyàn. Nítorí ìyá tí kò ríran, òun á fi ilẹ̀kùn kékeré kan sára ògiri náà, níbi tí ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀. Ìyá nìkan ni yóò máa gba ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ọlọ́dẹ òun á ṣí i fún wọn.

Ilé pariwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ tó dáa nìyẹn, wọ́n ní Ọlọ́run á tún máa pèsè fún un. Alága ẹgbẹ́ wa dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Ẹ gbà mí, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kó ẹ̀wà jẹ, tó wá fún wa ní omi rẹ̀. Mo fẹ́ dìde, ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Àwọn ni wọ́n dìde.

Wọ́n bi í pé bí ọlọ́dẹ bá ń sùn ńkọ́. Ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀, á jí. Wọ́n ní bí ọlọ́dẹ bá lọ sọ́jà ńkọ́. Ó ní kí ìyá ṣe sùúrù, kò ní í pẹ́ dé. Wọ́n ní bí òjò bá ń rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo Baálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ibi tí mo bá ti máa kan ilẹ̀kùn kí n tó kọjá, ilé onílé ni. Kì í ṣe ọ̀nà mọ́. Má wulẹ̀ yọ ògiri rẹ lẹ́nu."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní àwọn obìnrin yìí ò mọ oore. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ẹnu ọ̀nà lọ, ọ̀pá wọn ń kan ẹsẹ̀ àga àwọn èèyàn, àwọn èèyàn ń fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn. Mo tẹ̀lé wọn. A ò rí ọlọ́kadà kankan níta, gbogbo wọn ló wà nínú ilé tí wọ́n ń wòran. A rìn títí a fi dé etí ọ̀nà típà. Típà kan kọjá, ó fọn fèrè, yanrìn rẹ̀ fọ́n sí wa lára. Òmíràn ń bọ̀ lókè.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Wọ́n gbé ọ̀pá sí ọwọ́ òsì, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Mo wo ọwọ́ náà, mi ò tètè mọ ohun tó yẹ kí n fi ṣe. Wọ́n ní, "Mú un kí a lọ." Mo mú un. Bí a ṣe ń rékọjá, mo ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn nílé Baálẹ̀ lẹ́yìn wa. Wọ́n ṣì ń kí ọkùnrin náà pé ó ṣeun.